Èwo Ni Kí N Rà: Home Theatre Inú Páálí Kan Tàbí Rísífà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ kí ohùn fíìmù àti bọ́ọ̀lù máa dùn nínú pálọ̀ mi, torí ohùn tó ń jáde lára tẹlifíṣọ̀n mi kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Tí àwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, mi ò kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa. Pálọ̀ náà kò tóbi, bíi mítà 4 sí mítà 5 ni. Mo rí home theatre kan tí gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí kan, wọ́n kọ "1000W" gàdàgbà sí i lára. Mo tún rí rísífà kan, àpótí tó ń gbé ohùn fún sípíkà, tí kò ní sípíkà kankan, 80W péré ni wọ́n kọ sí i, síbẹ̀ òun ló wọ́n jù. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kábàámọ̀. Bàbá mi tún fún mi ní sípíkà ńlá méjì tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé ó ṣì wúlò?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó kúrò lápò yín. Ẹ fi páálí 1000W yẹn sílẹ̀. Ẹ ra rísífà tó mọ níwọ̀n, kí ẹ sì ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín sórí sípíkà. Kò pọn dandan kí ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀tì yìí ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u. Ẹ yí páálí náà padà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní. Lára rísífà, ẹ máa rí nǹkan tó jọ èyí: "80W per channel, 8 ohms, 20Hz–20kHz, 0.08% THD, 2 channels driven." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí sípíkà méjì bá ń ké pọ̀, láti orí béèsì tó lọlẹ̀ jù dé orí ohùn tó tín-ín-rín jù tí etí èèyàn lè gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò rí wọ́ọ̀tì 80 gbà, ohùn náà kò sì ní dàrú (ohun tí THD ń wọ̀n nìyẹn) débi tí etí máa fi mọ̀. Lára èyí tó ní 1000W, ohun tí ẹ sábà máa rí ni "1kHz, 10% THD". Ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tì í sókè títí ariwo tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀ fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ro ti gbogbo sípíkà pọ̀ mọ́ ti wúfà, ìyẹn sípíkà tó ń gbé béèsì. Òṣùwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì yẹ kí èèyàn gbé wọn síra.

Ká tiẹ̀ sọ pé òótọ́ ni nọ́ńbà náà, etí kì í gbọ́ wọ́ọ̀tì bí ojú ṣe ń kà á. Bí wọ́ọ̀tì bá di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ló fi kún ohùn (dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe le tó). Kí ohùn tó dà bíi pé ó le ní ìlọ́po méjì létí yín, wọ́ọ̀tì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ má ṣe tìtorí pé ọ̀kan jẹ́ 80W tí èkejì jẹ́ 100W fi owó kún owó. Nínú pálọ̀ bíi tiyín, wọ́ọ̀tì mélòó kan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn èèyàn inú fíìmù bá ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí nǹkan bá bú gbàù ni rísífà ń nílò agbára púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wò dáadáa wà lára sípíkà. Wọ́n ń pè é ní sensitivity. Ó ń sọ bí ohùn sípíkà ṣe máa le tó ní mítà kan tí ẹ bá fún un ní nǹkan bíi wọ́ọ̀tì kan. Sípíkà tó jẹ́ 90 dB máa fi wọ́ọ̀tì 50 ṣe ohun tí èyí tó jẹ́ 87 dB nílò wọ́ọ̀tì 100 láti ṣe. Ẹ wá sípíkà tó jẹ́ 87 dB sókè, tí nọ́ńbà ohm rẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) jẹ́ 6 tàbí 8. Rísífà olówó pọ́ọ́kú kì í fẹ́ràn sípíkà 4 ohm. Ó máa ń gbóná, nígbà míì á kú fúnra rẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Àléébù tó burú jù lára home theatre inú páálí ni pé wọ́n ti so gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Orí wáyà rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀, ohm sípíkà rẹ̀ lè jẹ́ 3, ẹ̀rọ tó ń ka díìsìkì sì wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú èyí tó ń gbé sípíkà. Tí àpótí yẹn bá kú, àwọn sípíkà di aláìníṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ sípíkà àárín tó dára jù lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ibi tí ẹ máa so ó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó kàn máa pariwo lè rà á. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́ kábàámọ̀, ẹ má rà á.

Iṣẹ́ rísífà ni pé ó ń gba ohùn àti àwòrán lára dẹ̀kódà, gèèmù àti àwọn yòókù, ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń pín ohùn fún sípíkà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe fíìmù ṣe fẹ́. Tí wọ́n bá kọ 5.1, sípíkà márùn-ún nìyẹn: òsì, ọ̀tún, àárín, àti méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín. ".1" yẹn ni wúfà. Fún pálọ̀ yín, 5.1 tó. Ẹ máa gbọ́ Dolby Atmos, èyí tó ń mú kí ohùn wá láti òkè orí. Ó wọ ilé sinimá ní 2012, ó sì wọ ilé àwọn èèyàn ní 2014. Ó dára gan-an, àmọ́ kò sí ìdí tí olùbẹ̀rẹ̀ tí kò tíì ní sípíkà àárín fi máa ronú nípa sípíkà àjà.

Nínú gbogbo àmì tí wọ́n lẹ̀ síwájú rísífà, HDMI ARC tàbí eARC, ìyẹn ARC tuntun tó lágbára jù, ni kí ẹ tẹjú mọ́. HDMI ni wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. Tí ẹ bá ń wo YouTube tàbí Netflix nínú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, inú tẹlifíṣọ̀n ni ohùn wà, ó sì gbọ́dọ̀ padà wá bá rísífà. ARC, tó dé pẹ̀lú HDMI 1.4 ní 2009, ló ń jẹ́ kó gba orí wáyà HDMI kan náà padà. Ẹ lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n yín nísinsìnyí, kí ẹ wo àwọn ihò HDMI. Ọ̀kan máa ní "ARC" tàbí "eARC" lábẹ́, òun sì ni wáyà máa wọ̀, kì í ṣe ihò yòówù. Bí kò bá sí, ẹ lè lo wáyà optical, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn. Ó máa gbé 5.1 lásán, kò ní gbé Atmos. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka iye ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ so mọ́ rísífà, kí ihò HDMI rẹ̀ fi ọ̀kan jù ú lọ, kí ó sì lè gbé àwòrán 4K kọjá. Ó yẹ kí ó tún ní máíkì kékeré tó fi ń wọn pálọ̀. Mo ń padà bọ̀ sórí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ èmi, ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ni màá fi ra rísífà, màá sì ná ìyókù sórí sípíkà àti wúfà. Rísífà máa ń di ti àná bí HDMI bá ti yí padà. Sípíkà tó dára lè lo ogún ọdún lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì pààrọ̀ rísífà sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sípíkà iwájú méjì. Bí ẹ bá sọ fún rísífà pé kò tíì sí sípíkà àárín, á pín ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sí òsì àti ọ̀tún, ẹni tó jókòó láàárín á sì gbọ́ ọ bíi pé láti inú àwòrán ló ti ń jáde. Ẹni tó jókòó sí ìgun àga ni kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ọn nìkan ló máa gbọ́. Sípíkà àárín ló yanjú èyí. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó pọ̀ jù nínú fíìmù ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà tí ẹ bá ní ẹ kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, òun ni oògùn rẹ̀. Kí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà àti ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ti òsì àti ọ̀tún, kí ohùn ẹnì kan má bàa yí padà bó ṣe ń rìn kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé e wá sí etí pákó tí ẹ gbé e lé, kí ẹ sì gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀ kó dojú kọ etí yín. Sípíkà méjì ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ rà kẹ́yìn.

Wúfà tó ní iná tirẹ̀, tó ń gba wáyà RCA kan ṣoṣo láti ara rísífà, ni kí ẹ rà. Èyí tó jẹ́ ínṣì 10 tó fún yín. Ibi tí ẹ gbé e sí ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ, torí béèsì máa ń pọ̀ jù níbì kan nínú yàrá kó sì pòórá níbòmíì. Ọ̀nà tí mo ń gbà wá ibẹ̀ nìyí: ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ ń lọ sókè-sódò sí i, kí ẹ wá wólẹ̀ kí ẹ máa rá lọ lẹ́bàá ògiri. Ibi tí ẹ ti gbọ́ gbogbo ohùn béèsì náà dọ́gba, tí kò dún bùù-bùù, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé wúfà sí. Ohun tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ ni ẹ máa gbọ́ lórí àga.

Ẹ fi sípíkà òsì àti ọ̀tún jìnnà síra tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe jìnnà sí yín, kí ẹnu kékeré tó ń sọ ohùn tín-ín-rín wà ní ìwọ̀n etí yín. Wáyà tí ó jẹ́ bàbà gidi, tí ó nípọn tó 1.5 mm², tó. Ẹ ṣọ́ra fún alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, kí fọ́nrán kan ṣoṣo má sì fara kan ìkejì lẹ́yìn rísífà.

Wàyí o, máíkì yẹn. Ẹ gbé e sí ìwọ̀n orí yín lórí àga, kì í ṣe lórí tábìlì, ẹ pa fáànù, kí gbogbo ilé dákẹ́. Rísífà á máa ké "fíì" láti ara sípíkà kọ̀ọ̀kan, á fi mọ bó ṣe jìnnà tó àti bí ohùn rẹ̀ ṣe le tó. Bó bá parí, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè ti kọ "Large" sí sípíkà iwájú. Ẹ yí i sí "Small", kí ẹ fi crossover, ìyẹn ibi tí rísífà ti ń pín béèsì fún wúfà, sí 80 Hz. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, béèsì tó wúwo á máa lọ sọ́dọ̀ wúfà tí wọ́n ṣe fún un, rísífà á sì mí kanlẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè rísífà kí ooru rí ibi jáde, ẹ má gbé nǹkankan lé e.

Tó bá jẹ́ rísífà tí wọ́n ti lò ni ẹ máa rà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ nípa iná. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, bí ẹ bá sì kì í bọ iná 230V láìlo ẹ̀rọ tó ń sọ iná kalẹ̀, ó ti jóná nìyẹn. Ẹ dán gbogbo ihò HDMI rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Sípíkà bàbá yín: ẹ má gbé e dànù. Ẹ wo nọ́ńbà ohm ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀, kí ẹ fi ìka kan etí tó yí ọpọ́n ká. Bó bá jẹ́ rọ́bà tó ṣì rọ̀, ó dára. Bó bá jẹ́ fóòmù tó ń rún sí yín lọ́wọ́, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ ọpọ́n náà wọlé díẹ̀díẹ̀, kí agbára yín dọ́gba. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń ha gìrìgìrì nínú, wáyà inú rẹ̀ ti ń fara gbo irin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bátìrì rìmóòtù 1.5V kan ẹnu wáyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, orí bátìrì tó ní àmì + sí pupa: ó yẹ kí ọpọ́n náà ta síta kí ó sì ké "pó". Bó bá yege, òun ni sípíkà òsì àti ọ̀tún yín, ẹ fi owó yẹn kún owó wúfà, kí ẹ sì fi sípíkà àárín sílẹ̀ títí ẹ máa fi rí èyí tí ohùn rẹ̀ bá a mu. Bó bá jẹ́ fóòmù etí nìkan ló rún, ẹni tó ń tún sípíkà ṣe lè lẹ tuntun mọ́ ọn. Ẹ má ṣe fi ohùn líle lù ú kó tó ṣe é.