Ṣé 0.45 Ju 0.6 Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní kí ọmọ mi tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú 0.6 àti 0.45. Ó mú 0.45, ó ní ṣebí 45 ju 6 lọ. Mo fi náírà àti kọ́bọ̀ ṣàlàyé títí, kò yé e. Báwo ni kí n ti ṣe é? Ìyá kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má bá a wí, nítorí láti kíláàsì kìíní ni ó ti mọ̀ pé nọ́ńbà tí ó gùn jù ni ó ń pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé òfin yẹn kò dé ẹ̀yìn pọ́ìǹtì. Àwa àgbà gan-an ń dá kún un: bí a bá ka 0.45 ní "òdo pọ́ìǹtì márùndínláàádọ́ta", àṣìṣe náà ni a ń kọ́ ọmọ. "Òdo pọ́ìǹtì ẹ̀rin, àrún" ni kí ẹ máa kà á.

Ní ti kọ́bọ̀, mélòó nínú àwọn ọmọ òde òní ni ó ti fi ojú rí i? Téèpù aránṣọ sàn jù, kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí àwọn aládìrẹ. Mítà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100. Kí ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mítà kan sílẹ̀, kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá ọgbọọgba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 10, ni ìdámẹ́wàá, òun ni ó ni ipò àkọ́kọ́ lẹ́yìn pọ́ìǹtì. Bí ó bá tún pín ìdámẹ́wàá kan sí mẹ́wàá, ó kan ìdá ọgọ́rùn-ún, tí ó ni ipò kejì. Kí ó wá wá 0.6 àti 0.45 lórí ìlà náà: ọ̀kan yóò dúró sí 60, èkejì sí 45.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kọ́ ọ pé apá òsì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí nọ́ńbà méjì bá sì ti kọ́kọ́ yàtọ̀ ni ẹjọ́ parí sí. Nínú 3.1 àti 3.08, ẹ̀ta dọ́gba, ṣùgbọ́n ìdámẹ́wàá kan wà níhìn-ín, òdo wà lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa ní kí ọmọ fi òdo kún èyí tí ó kúrú. Ó tọ̀nà, àmọ́ bí ipò kò bá tíì yé e, àkọ́sórí lásán ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ọmọ lè wá rò pé èyí tí ó kúrú ni ó ń pọ̀ jù nígbà gbogbo. Ẹ fún un ní 0.3 àti 0.37, kí ẹ sì fún un ní 0.5 àti 0.50, kí ó fi téèpù hàn yín ìdí tí àwọn méjì ìkẹyìn yìí fi dọ́gba.