Ṣé Ọ̀gágun von Choltitz ló gba Párísì là?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ girama ni mí. Mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa sọ̀rọ̀ nípa aṣáájú tó kọ àṣẹ burúkú, mo sì fẹ́ fi Dietrich von Choltitz ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀gágun ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ará Jámánì tó kọ̀ sí Hitler lẹ́nu, tó sì gba Párísì là lọ́wọ́ iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to ìrìn àjò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ogun. Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní ọ̀gágun ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tó tún darí táǹkì?

Ìdáhùn: Olùkọ́ mi, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ oyè yẹn kò le, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́nà. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì nígbà náà, oyè ni General der Infanterie, kì í ṣe iṣẹ́. Ó ga ju Generalleutnant lọ, ó sì kéré sí Generaloberst. Ẹ̀ka tí ọ̀gágun ti dàgbà ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn. Choltitz darí ìpín kọkànlá àwọn oní-táǹkì ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1943, síbẹ̀ oyè ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi dá a lọ́lá ní oṣù kẹjọ ọdún 1944.

Ohun tó ń dùn mí ni "tó gba Párísì là" yẹn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ọ́ sí mi. Lórí WhatsApp, ó ti di ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò mọ́. Ẹ bi ara yín léèrè: ẹnu ta ni ìtàn náà ti gbilẹ̀? Ẹnu Choltitz fúnra rẹ̀ ni, nínú ohun tó kọ lẹ́yìn ogun, nígbà tí Jámánì ti ṣubú, tí orúkọ rere sì ti di ohun tó ń wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ wo ibi tó ti gbà kó tó dé Párísì. Ọdún 1894 ni wọ́n bí i ní Silesia, ó sì ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1940, ọkọ̀ òfuurufú gbé òun àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ bà sí pápákọ̀ Waalhaven ní Rotterdam, wọ́n sì jà dé orí àwọn afárá ìlú náà. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni bọ́ǹbù Jámánì sun àárín ìlú. Ó lé ní 800 ènìyàn tó kú, nǹkan bí 80,000 ni kò rílé sùn mọ́. Ẹ má kọ pé òun ló pàṣẹ bọ́ǹbù yẹn o. Ọkọ̀ òfuurufú kò sí lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ tilẹ̀ yin iná pupa sókè kí àwọn awakọ̀ lè yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò rí i. Oyè akíkanjú ló gbà fún ogun Rotterdam. Lẹ́yìn náà ló wà lára àwọn tó dó ti Sevastopol ní Crimea títí ìlú náà fi ṣubú lọ́dún 1942, àlàpà ló kù. Ní Normandy, wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ ogun kẹrìnlélọ́gọ́rin, ibẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti fọ́ ìlà rẹ̀ ní ìparí oṣù keje ọdún 1944. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló wà láàárín ìyẹn àti ọjọ́ tí Hitler rán an sí Párísì, tó wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà náà, kó lọ jẹ́ ọ̀gá ogun ibẹ̀. Ẹni tí kì í jiyàn àṣẹ ni wọ́n ń wá.

Nígbà tó débẹ̀, kí ló ní lọ́wọ́? Bíi 20,000 ọmọ ogun, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti àgbàlagbà, láàárín ìlú tó kún fọ́fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ìlú sì gbéra ogun ní ọjọ́ 19. Ọjọ́ 23 ni àṣẹ Hitler dé pé Párísì kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá àfi bó bá ti di àlàpà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn táǹkì Leclerc, ọ̀gágun Faransé, tó ṣíwájú ti wọ ìlú! Kí èèyàn tó wó irú ìlú bẹ́ẹ̀, ó nílò àwọn tó mọ iṣẹ́ bọ́ǹbù, ó nílò ọkọ̀ òfuurufú, ó nílò àkókò. Choltitz kò ní wọn tó. A ò ní gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: afárá kan kò fò ní Párísì, ó sì gbà kí Raoul Nordling, aṣojú ìjọba Swídìn, bá wọn dá ìjà dúró fún ìgbà díẹ̀. Bóyá kò tilẹ̀ fẹ́ wó o. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn, èmi kò sì lè wo inú òkú. Àmọ́ ẹni tí kò lè ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tó lè ṣe é tó kọ̀.

Ẹ tún ka àwọn ọjọ́ yẹn dáadáa. Ní ọjọ́ 15, ọkọ̀ ojú irin gbéra ní Pantin, lẹ́bàá Párísì, pẹ̀lú ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 2,000, ó kó wọn lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Buchenwald àti Ravensbrück ní Jámánì. Ọjọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́ 35 nínú igbó Boulogne. Ọwọ́ àwọn SS, ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ Hitler, àti Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ rẹ̀, ló wà níbẹ̀, mi ò sọ pé Choltitz ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá ìlú. Ààfin ńlá Grand Palais jóná lójú rẹ̀ ní ọjọ́ 23. Hótẹ́ẹ̀lì Meurice ló jókòó sí títí wọ́n fi wá mú un ní ọjọ́ 25.

Bí ẹ bá dárúkọ Leclerc fún àwọn ọ̀dọ́ yín, ẹ sọ èyí náà fún wọn. Láti Chad ni ogun Leclerc ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun dúdú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó kọjá sí Yúróòpù, wọ́n yọ àwọn dúdú náà kúrò, àwọn ọ̀gá ogun sì fẹ́ kó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni yóò wọ Párísì. Àwọn ọmọ Dahomey wà nínú ọmọ ogun dúdú tí Faransé ń lò nínú ogun náà. Èyí sún mọ́ wa ju Choltitz lọ.

Ohun tó kù ló wúwo jù. Nígbà tó wà ní àtìmọ́lé ní Trent Park, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi makirofóònù pamọ́ sínú ilé. Ní òpin oṣù kẹjọ yẹn kan náà, wọ́n gbọ́ ọ tó ń sọ fún ọ̀gágun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ tó burú jù lọ tí òun tíì ṣe, tí òun sì ṣe délẹ̀délẹ̀, ni pípa àwọn Júù run. Ẹ ṣọ́ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́: ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, kóòtù kankan kò dá a lẹ́bi lórí rẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1947, ó sì kú ní Baden-Baden lọ́dún 1966.

Nítorí náà, olùkọ́ mi, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ti tẹ ìwé ìpè, ẹ tún un tẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lo àǹfààní rẹ̀ fún ẹ̀mí èèyàn ní Párísì lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ mú Nordling, oníṣòwò tí kò ní ìbọn lọ́wọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì títí wọ́n fi tú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ẹ kọ sí mi tí ẹ bá ti ṣe tán, mo máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dúró níwájú àwọn ọmọ.