Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Táíwò Dà Nínú Ìwé Wa?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wọn sì dá lórí bí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ àfikún lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe lè tọ́jú àkọsílẹ̀ àti ètò iṣẹ́ wọn. Bí a bá ní "dátà" lóde òní, èyí tí à ń rà sórí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò. Nítorí náà "àkọsílẹ̀" ni a ó máa lò níhìn-ín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí ní Iléṣà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan dá ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ JSS 1 sí JSS 3. A ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ìwé kíkà àti kọ̀ǹpútà, a kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan. Àgùnbánirọ̀ kan ló bá wa kó orúkọ àwọn ọmọ sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to àkọsílẹ̀ sí ìlà àti òpó, ṣùgbọ́n ó ti sìnlú tán, ó sì ti padà sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ rí i pé orúkọ àwọn ọmọ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ bọ́tìnì tó ń yọ àwítúnwí kúrò. Kò sí ẹni tó fura títí di ọjọ́ tí a pín ìwé àti rúlà fún àwọn ọmọ. Kẹ́hìndé gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí orúkọ Táíwò ìkejì rẹ̀ nínú ìwé tí a tẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò pa Sátidé kan jẹ rí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ wa. Ìyá wọn wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ṣé a ti pinnu pé ọ̀kan ni a ó máa tọ́jú nínú méjì ni. Ojú tì mí. Nígbà tí mo sì fẹ́ pe àwọn òbí yòókù láti wádìí, òdo tó ṣáájú ti sọnù lára gbogbo nọ́ńbà fóònù inú ìwé náà. Lẹ́yìn èyí, gbọ̀ngàn wa a máa dá páropáro ní àwọn Sátidé kan, a kò sì mọ ìdí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe? — Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ sì bá wa bẹ ìyá ìbejì. Ẹ má ṣe bínú púpọ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, nítorí ní ilẹ̀ tí ìbejì kò ti wọ́pọ̀ bí ó ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tó ṣe ì bá má fa wàhálà kankan. Bọ́tìnì tó tẹ̀ máa ń fi ìlà kan wé òmíràn nínú àwọn òpó tí a bá yàn fún un. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti fóònù òbí ni a yàn, kò sí bí ìbejì ilé kan ṣe lè yàtọ̀ síra: bàbá kan náà ló bí wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé, fóònù ìyá wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ. Ìlà tó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò fi sílẹ̀, yóò sì pa èyí tó tẹ̀ lé e rẹ́. Bí ẹ bá sì ti to orúkọ ní A, B, D, Kẹ́hìndé ni yóò ṣáájú Táíwò. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ àṣà wa rí, síbẹ̀ ó fi Kẹ́hìndé ṣe ẹ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti ìbejì lọ. Ọmọ tó ń jẹ́ Táíwò lọ́dọ̀ yín lè jẹ́ Taiye nínú ìwé ilé-ìwé rẹ̀, kí ó sì jẹ́ Táyé lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ẹnì kan yóò fi àmì ohùn sí orúkọ, ẹlòmíràn kò ní fi sí i, kọ̀ǹpútà yóò sì kà wọ́n sí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kódà lẹ́tà tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀, irú bí ẹ́, lè wọ inú fáìlì ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, tí ojú ènìyàn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, tí ẹ̀rọ yóò sì rí i. Mo fẹ́ kí ẹ máa fi àmì sí orúkọ àwọn ọmọ náà o, nítorí bí orúkọ wọn ṣe rí nìyẹn; ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan dá ọmọ mọ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ní ọjọ́ tó bá wọlé. Ọmọ kẹtàdínlógún tó wọlé ní ọdún 2024 lè jẹ́ IL-24-017, kí ìkejì rẹ̀ jẹ́ IL-24-018, kí ẹ sì kọ "ìbejì" sí òpó kan níwájú àwọn méjèèjì, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀la má baà rò pé àṣìṣe ni. Bí ọmọ kan bá kúrò, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láéláé.

Láti wá Táíwò àti àwọn mìíràn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bá a lọ (mi ò rò pé òun nìkan ni), ẹ mú ìwé tí ẹ fi ọwọ́ kọ, èyí tí ẹ fi ń pe orúkọ ní àràárọ̀ Sátidé, kí ẹ kà á mọ́ ti kọ̀ǹpútà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wà nínú ti ọwọ́ tí kò sí nínú ti ẹ̀rọ ni ẹ ń wá. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ìlà kankan rẹ́ láìṣe ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀ ná. Kí ó fi àwọ̀ kun ìlà tó bá fura sí, kí ó sì bi ẹni tó mọ àwọn ọmọ náà lójú.

Ti òdo orí fóònù kò le rárá. Excel rò pé iye tí a fẹ́ ṣe ìṣirò pẹ̀lú rẹ̀ ni, òdo iwájú kò sì já mọ́ nǹkan kan nínú ìṣirò. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan sí òpó náà, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ lásán ni òpó náà. Ní ti àwọn tó ti sọnù, nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa ní Nàìjíríà jẹ́ 11, òdo ló sì ń ṣáájú. Èyí tó bá ku 10, ẹ dá òdo rẹ̀ padà, èyí tó bá kéré sí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bi òbí.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù lọ nínú ètò yín, lójú tèmi, ni pé fáìlì náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá lọ. Ọdún kan péré ni àgùnbánirọ̀ ní lọ́dọ̀ wa. Ẹ ṣí ímeèlì tí yóò jẹ́ ti ètò yín, tí kì í ṣe ti ẹnì kan, kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín àti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ sì gbé ìwé náà sínú Google Sheets, irú Excel kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ímeèlì yẹn. Níbẹ̀, ẹ lè fún ènìyàn méjì láṣẹ láti kọ nǹkan sí i, kí àwọn yòókù kàn máa wò ó. Bí ẹnì kan bá sì tún tẹ bọ́tìnì, ẹ lè pa dà sí bí ìwé náà ṣe rí kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbé ìwé àfọwọ́kọ sọnù. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má wá, àwọn ọmọ yóò sì wà níwájú yín. Ìwé ni kí ẹ fi pe orúkọ, kí ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ yàn sì kó o sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, nítorí èyí tí a bá sún di Mọ́ńdè kì í bá Mọ́ńdè mọ.

Mo wá dé orí Sátidé tí gbọ̀ngàn ń dá, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí mo ń ran irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. A kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ lẹ́bi, a tún dá òjò lẹ́bi, lẹ́yìn náà a ní ìnáwó ló ń kó wọn lọ. Ní ọjọ́ kan mo tẹ́ ìwé ìpe-orúkọ ti oṣù mẹ́rin sórí tábìlì, mo sì fi bírò pupa yí gbogbo àmì "kò wá" po. Pupa náà kò tàn káàkiri; ó tò gbọọrọ sí abẹ́ Sátidé kan, ó fi mẹ́ta sílẹ̀, ó tún tò sí abẹ́ ìkẹrin, àwọn ọmọbìnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fi han ìyá kan tó ń ta gààrí. Kò wò ó títí tó fi rẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọjà wa ló bọ́ sí Sátidé yẹn ni?"

Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Bí àwa Yorùbá ṣe ń kà á, a ń ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọjọ́ tí a ó tún ná an, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń padà wá bí a bá fi kàlẹ́ńdà wò ó. Ọ̀sẹ̀ kàlẹ́ńdà sì jẹ́ ọjọ́ méje. Mẹ́rin lọ́nà méje jẹ́ 28, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28 ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí Sátidé, ní Sátidé kẹrin-kẹrin. Nítorí pé oṣù tó ju ọjọ́ 28 lọ ló pọ̀ jù, déètì rẹ̀ ń yí padà lóṣooṣù, ìdí nìyẹn tí kò fi yé wa. A kò bá òbí jà. A gbé ẹ̀kọ́ Sátidé ọjà sí aago méje àárọ̀, a sì gé e kúrú, kí ọmọ lè bá ìyá rẹ̀ ru igbá lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè má jẹ́ ọjà ni tiyín o. Ẹ kàn máa kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí iwájú ọmọ tí kò bá wá, "J" fún ọjà, "S" fún àìsàn, "N" fún ìnáwó, "K" fún "a kò mọ̀", kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn Sátidé mẹ́jọ.

ÌBÉÈRÈ: A ń ṣe ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn ọmọ SS 1 àti SS 2 ní Ilé-Ifẹ̀. Onínúure kan tó ń fún wa lówó fẹ́ mọ ohun tó ti yí padà lára àwọn ọmọ náà. A ní orúkọ wọn, a ní fọ́tò, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí a ó kọ. Ṣé kí a dúró de èsì WAEC wọn? — Akọ̀wé ètò, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá dúró de WAEC, ẹ ó dúró pẹ́, bí ọmọ bá sì yege, ta ni yóò sọ bóyá ilé-ìwé rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀yin? Ìlú yín gan-an ni wọ́n ti dáhùn irú ìbéèrè yìí dáadáa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A", níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tó dá dúró, tó ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn kíláàsì mìíràn wà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, ẹnu wọn gbà á, torí pé wọ́n ní àkọsílẹ̀ apá méjèèjì.

Ẹ kò nílò owó tó tó tiwọn. Ní Sátidé àkọ́kọ́ ní táàmù, kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè 20, kí ẹ sì bi wọ́n ní 20 mìíràn tó le bákan náà ní ìparí. Nínú ìròyìn yín, ẹ má ṣe ro ọmọ kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá nítorí pé ó wá ní Sátidé 12. Mo ti rí ìròyìn tí ọmọ 60 fi di 700. Ẹ kọ iye tó forúkọ sílẹ̀, iye tó wá rí, àti iye tó wá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú 12, ẹ sì kọ iye tó fi ètò náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti àwọn ọmọ tí ẹ ti ń kọ́ láìdán wọn wò, ẹ sọ òótọ́ fún onínúure yín pé ẹ kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ lè fi wé.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni wa máa ń gbé fọ́tò àwọn ọmọ sórí WhatsApp, pẹ̀lú orúkọ àti ilé-ìwé wọn. Ìyá kan fajú ro sí i. Ṣé ìyá náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fajú ro? — Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá náà lẹ́tọ̀ọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà (ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn) tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sọ pé bí a bá fẹ́ gbára lé ìyọ̀ǹda láti lo àkọsílẹ̀ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò yọ̀ǹda. Fọ́tò tó ní orúkọ àti ilé-ìwé nínú ń sọ fún àjèjì ibi tó ti lè pàdé ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ya ìbuwọ́lùwé ti fọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀kọ́ nínú fọ́ọ̀mù yín, kí òbí lè gba ọ̀kan kí ó kọ èkejì láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ pàdánù àyè. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé kí ó tó tẹ ìka. Bí ẹ bá ti wà nídìí rẹ̀, ẹ yọ ìbéèrè ẹ̀sìn àti jẹ́nótáìpù tí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní kúrò, nítorí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fún àwọn ọmọ ní ìpápánu, ẹ béèrè bóyá ẹ̀pà tàbí oúnjẹ mìíràn ń gbòdì lára wọn. Bí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tó sì lè fa ewu fún àwọn ọmọ, wákàtí 72 ni òfin náà fún yín láti fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà létí. Fọ́tò ọmọ ìyá tó fajú ro yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lónìí, kí ẹ sì lọ sọ fún un pé ẹ ti yọ ọ́.