Èmi ni àbúrò gbogbo wọn, ṣé èmi náà ni alásè wọn?

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti abúlé ẹ̀bá Kétu ní ilẹ̀ Benin, mo kí ẹ o. Kí àwọn tó kù lè bá wa lọ: onímọ̀ mẹ́fà ni wọ́n kó sílé kan fún oṣù mẹ́ta, pé kí kálukú jókòó kọ ìwé rẹ̀. Orin Ẹ̀fẹ̀ nìwọ ń kọ tìrẹ lé lórí, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé ní 2008. Ìwọ lo kéré jù, ìwọ nìkan sì lobìnrin, bí ìkòkò ṣe di tìrẹ nìyẹn. Bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kan a tiẹ̀ máa na ife sí ẹ láì gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. O wá ń bi mí bóyá àìlẹ́kọ̀ọ́ ni bí o bá kọ̀.

Rárá o. Kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ò gba àkókò. Àmọ́ àwo ẹni mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́? Ìwé kan náà ni wọ́n fi pè yín.

Ohun tó bí mi nínú ni ti WhatsApp yẹn. O ya fọ́tò ìkòkò tó jóná sínú gúrúùpù ilé, o wá pòwe sí i nídìí. Ṣebí o mọ̀ pé Ẹlẹ́fẹ̀ ní àṣẹ: lóru Ẹ̀fẹ̀, níwájú gbogbo ìlú, ó lè fi orin na ìjòyè ní pàṣán, kó sì lọ sùn. Ta ló fún ìwọ láṣẹ? Wọ́n á kàn ní o rí àwọn fín ni, àwo á ṣì wà nílẹ̀.

Sọ ọ́ lójú wọn, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Kọ́kọ́ lọ fi tó ẹni tó dàgbà jù létí lọ́tọ̀, kó má bàa jẹ́ pé àárín èrò ló ti máa gbọ́ ọ. Má ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní: "Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi, ìdáná ti gba àárọ̀ mi, ìwé mi ò kúrò lójú kan. Ẹ jẹ́ ká dá owó sẹ́fà jọ, ká bẹ ìyá kan lábúlé kó máa se tàárọ̀ àti tọ̀sán." Kẹ́ ẹ wá pín talẹ́ lọ́jọ́ sára yín, kálukú á fọ àwo tirẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n pa àjọjẹ alẹ́ rẹ́ o. O ṣáà sọ pé ìdí ọbẹ̀ ni wọ́n ti tú orin tó ń dà ẹ́ láàmú fún ẹ. Bí Bàbá bá ní òun ò mọ iná dá, kó san tirẹ̀.

Bí Ẹ̀fẹ̀ bá sì bọ́ sínú oṣù mẹ́ta yìí ní Kétu, tètè wí fún wọn pé ibẹ̀ nilẹ̀ á mọ́ bá ẹ. Ẹni tébi bá ń pa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gàrí wà nílé.