Ìgbà wo la lè lẹ táìlì sójú sàárè?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n kú. Ṣé a lè fi kọnkéré àti táìlì ṣe sàárè wọn kí ogójì ọjọ́ tó pé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má kánjú. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà ṣì máa rì tí òjò bá rọ̀. Kọnkéré á là, táìlì á sì ṣí. Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan rọ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa dí ibi tó bá jìn. Pákó tí ẹ kọ orúkọ wọn sí ti tó ná.

Tó bá yá, ẹ po kọnkéré náà báyìí: òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú irin nínú. Ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ 7. Kí ẹ tó gbẹ́ ọjọ́ ìbí wọn sára òkúta, ẹ yẹ ìwé ìbí wò. Àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣeé pa rẹ́.