Wọ́n ń san 25p fún mi lórí máìlì kan: ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ kéà, ìyẹn títọ́jú àwọn èèyàn nínú ilé wọn, ni mò ń ṣe ní agbègbè Medway ní Kent, ọkọ̀ ara mi ni mo sì fi ń lọ láti ilé kan dé òmíràn. 25p (pẹ́ńsì 25) ni iléeṣẹ́ ń san lórí máìlì kan, wọn kì í ka ti ìrìn láti ilé mi lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní 45p ni ìjọba ní kí wọ́n máa san, pé iléeṣẹ́ ló ń jẹ ìyókù. Ṣé òótọ́ ni? Ọ̀gá wa tún ní àwọn lè fún mi ní ọkọ̀ iléeṣẹ́. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Iléeṣẹ́ yín ò jẹ owó ìjọba kankan. 45p yẹn kì í ṣe iye tí òfin pa láṣẹ fún ọ̀gá. Ibi tó lè san owó dé láìjẹ́ pé HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí, gba owó-orí lórí rẹ̀ ni: 45p fún máìlì 10,000 àkọ́kọ́ nínú ọdún owó-orí kan, 25p fún èyí tó bá lé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2011 ló ti wà bẹ́ẹ̀. 40p ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tó bá wù ú lè san 20p, ó tiẹ̀ lè má san kọ́bọ̀. Iye ọdún 2025/26 ni mò ń lò nínú ìdáhùn yìí.

Ẹ̀tọ́ tiyín wà nínú àlàfo tó wà láàárín 25p àti 45p, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí wọ́n rò pé ìjọba máa ka 20p yẹn lé wọn lọ́wọ́. Rárá o. Ṣe ni HMRC máa yọ 20p náà kúrò nínú owó tí wọ́n ń gba owó-orí lé lórí. Tó bá jẹ́ 20% lẹ̀ ń san, 4p péré ló máa padà sọ́wọ́ yín lórí máìlì kan. Ká ní ẹ wa máìlì 6,000 lọ́dún. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ £2,700, iléeṣẹ́ san £1,500, ó ṣẹ́ ku £1,200. 20% rẹ̀ ni £240, òun lowó tiyín. Ẹni tí gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá kọjá £12,570 kò ní rí nǹkan kan gbà, torí kò san owó-orí tí wọ́n máa dá padà.

Nítorí náà, ẹ gba 4p yẹn, àmọ́ ẹ má fi ṣe ìdí láti dákẹ́ níwájú ọ̀gá. Ẹ wo ìṣirò epo nìkan. Gálọ́ọ̀nù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546. Tí pẹtiróòlù bá jẹ́ £1.35 lítà kan, gálọ́ọ̀nù ti di £6.14. Iṣẹ́ kéà sì nìyí: ẹ̀ ń wa ìṣẹ́jú méje, ẹ̀ ń pa éńjìnì, ẹ tún ń tan án kó tó gbóná dáadáa. Ọkọ̀ kékeré tó ń ṣe máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù ní òpópónà ńlá lè má ju 30 lọ nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Epo nìkan ti jẹ́ 20.5p lórí máìlì. 4.5p ló ṣẹ́ kù fún táyà, ọ́ìlì, bíréèkì, MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún), ìnṣọ́ránsì àti iye tí ọkọ̀ ń já sílẹ̀ lójú ọjà. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n kà pọ̀ tí wọ́n fi ní 45p, kì í ṣe epo nìkan. Tẹ́ ẹ bá gbé ìṣirò yìí ka iwájú máníjà, pẹ̀lú ọkọ̀ tiyín àti iye epo àdúgbò yín, ọ̀rọ̀ yín á ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju kẹ́ ẹ máa ní ìjọba sọ pé.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í wò: iye máìlì tí wọ́n kà fún yín. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń fa ìlà tààrà láti postcode (nọ́ńbà àdúgbò) kan sí èkejì, bí ẹni pé ọkọ̀ yín ń fò. Ní agbègbè yín, èyí burú gan-an. Láti Gillingham sí Hoo, odò Medway ló wà láàárín. Medway Tunnel lọ́kọ̀ ń gbà kó tó yípo wọ ibẹ̀. Ẹ mú payslip (ìwé owó iṣẹ́) kan, kẹ́ ẹ fi Google Maps wọn ìrìn ọjọ́ méjì mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀. Tí iye wọn bá yàtọ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lọ bá wọn, torí kò sí máníjà tó máa jiyàn pé ọkọ̀ ń gba orí omi.

Ẹ má sì jẹ́ kí owó ọkọ̀ mú yín gbàgbé owó àkókò. Àkókò tẹ́ ẹ fi ń wakọ̀ láti ilé ẹnì kan sí ilé ẹlòmíràn wà lára iṣẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n kà á nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò bóyá owó yín dé £12.21 fún wákàtí kan, iye tó kéré jù tí òfin gbà fún ẹni ọdún 21 sókè ní ọdún 2025/26. 25p yẹn ò lè rọ́pò rẹ̀. Tí wọ́n bá ń san ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ lò nínú ilé nìkan, ẹ pín gbogbo owó sí gbogbo wákàtí, kẹ́ ẹ wo ohun tó bá jáde. Tí kò bá tó, ẹ pe Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni.

Ìrìn láti ilé yín lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ wá ńkọ́? Èyí gba sùúrù. Ìrìn láti ilé sí ibi iṣẹ́ tó dúró sójú kan kì í wọ inú ìṣirò HMRC rárá. Tó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ìrìn dé ọ́fíìsì jẹ́ tiyín. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kéà ò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń lọ. Ṣe ni ìwé iṣẹ́ wọn ń sọ pé agbègbè báyìí ni wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́. Nígbà náà, HMRC lè ka agbègbè yẹn lódindi sí ibi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gbé inú Medway, tí ìwé yín sì dárúkọ Medway, ẹ lè ka ìrìn àkọ́kọ́ yẹn mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ Maidstone lẹ̀ ń gbé, ìrìn láti ilé títí dé ẹnu ààlà Medway jẹ́ tiyín; láti ààlà wọlé ló wọ ìṣirò. Ẹ lọ ka ìwé iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn, òun ló sì ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ jù. Fọ́ọ̀mù P87 lẹ máa fi béèrè owó náà lọ́wọ́ HMRC, àfi tí iye tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ bá ju £2,500 lọ lọ́dún, tó máa di ti Self Assessment (ìwé owó-orí tí èèyàn ń kọ fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún). HMRC fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìrìn kọ̀ọ̀kan: ìdí tẹ́ ẹ fi rìn ín, postcode ibi tẹ́ ẹ ti gbéra àti ti ibi tẹ́ ẹ dé. Ìlà kan tó: ọjọ́, ME7 sí ME4, ìbẹ̀wò òwúrọ̀, máìlì 3.2. Postcode ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ni o, tèmi yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ má kọ orúkọ bàbá tàbí màmá tẹ́ ẹ lọ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe fún HMRC. Rota (ètò ìbẹ̀wò yín) tó wà lórí fóònù yín ti ní ohun tó pọ̀ jù nínú èyí, torí náà ẹ máa ya àwòrán rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ti app náà mọ́ yín, rota ọdún mẹ́ta á sì bá a lọ. Ọdún mẹ́rin lẹ lè padà sẹ́yìn: ti ọdún tó parí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2023, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2027 tó kọjá. Ẹ ò nílò àwọn tó ń polówó lórí Facebook pé àwọn á bá yín gbà á. Wọ́n á gé tiwọn nínú £240 kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ yẹ ìnṣọ́ránsì yín wò lónìí. Èyí tó bo ìrìn lọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo kò bo lílọ láti ilé dé ilé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti business use, ìyẹn lílo ọkọ̀ fún iṣẹ́. Tí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ láàárín ilé méjì, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Ní ti ọkọ̀ iléeṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sílé, tẹ́ ẹ sì ń fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, owó-orí wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń wo iye tí wọ́n kọ sórí ọkọ̀ náà nígbà tó wà ní tuntun àti èéfín tó ń tú. Ọkọ̀ oníná tó jẹ́ £30,000: 3% rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ owó tó ń wọlé fún yín ní ọdún 2025/26, ìyẹn £900, owó-orí yín lórí rẹ̀ ní 20% á jẹ́ £180 lọ́dún. Oní-pẹtiróòlù £25,000 tí ìdá rẹ̀ jẹ́ 30% máa gba £1,500 lọ́wọ́ yín, ìdá náà sì lè ga dé 37%. Ìyẹn nìkan ti gbé gbogbo £240 lọ. 45p náà parí níbẹ̀, torí kì í ṣe ọkọ̀ yín mọ́. Owó epo nìkan ni wọ́n á máa dá padà, ní iye tí HMRC ń tún gbé jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ọkọ̀ tí gbogbo yín jọ ń lò, tó ń sùn sí ọgbà iléeṣẹ́, ni màá ní kí wọ́n rà. Tí kò bá sí ẹni tó ń fi ṣe ti ara rẹ̀, kò sí owó-orí kankan lórí rẹ̀ fún yín, àwọn ló sì máa ra táyà. Tí wọ́n bá ta kú pé tìkálára yín ni, oníná nìkan ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó máa san owó iná tẹ́ ẹ fi ń ṣáàjì rẹ̀ nílé.