Orin Bàbá Mi: Ṣé Kí N Máa Gbọ́ Ọ Lójoojúmọ́?

Ìbéèrè: Nígbà tí mo wà ní kékeré, orin kan wà tí bàbá mi máa ń fi sí i nínú ọkọ̀ bí wọ́n bá ń gbé mi lọ sílé-ìwé. Wọ́n ti di olóògbé báyìí. Bí mo bá gbọ́ ọ, ńṣe ló dà bíi pé mo tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ kí n má bàa gbàgbé wọn. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún bàbá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ohun tí ọpọlọ yín pa mọ́ ju orin lọ. Ìró ẹ́ńjìnnì, òórùn àga ọkọ̀, oòrùn àárọ̀ lójú gíláàsì, ohùn bàbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ ló dì pọ̀ sójú kan. Apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus ló ń dì í bẹ́ẹ̀. Amygdala tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń fi ayọ̀ tàbí ìbẹ̀rù ìgbà náà kún un. Ní 2009, Petr Janata ti Yunifásítì California ní Davis yẹ ọpọlọ àwọn tó ń gbọ́ orin ìgbà èwe wọn wò, ó sì rí i pé apá kan lẹ́yìn iwájú orí máa ń ta jí nígbà tí orin bá jí ìrántí.

Ibì kan péré ni orin yín mọ̀: inú ọkọ̀ yẹn. Agbára rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ nídìí abọ́ fífọ̀, nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, lẹ́nu iṣẹ́, yóò di orin gbogbo ibẹ̀. Ìrántí bàbá kò ní kú o, àmọ́ ọ̀nà tó lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn á ti di oríta. (Àwọn tí orin ń ba nínú jẹ́ ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n gbọ́ ọ léraléra níbi tuntun, láàárín ọ̀rẹ́.)

Ẹ yan ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún. Ẹ jókòó, ẹ má ṣe nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Bó bá ti parí, ẹ kọ ohun tó wá sí yín lọ́kàn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé ìrántí máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń rántí rẹ̀. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín náà. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ lè yàtọ̀ sí tiyín.

Bí ẹ bá sì ń gbé ọmọ tiyín lọ sílé-ìwé, orin mìíràn ni kí ẹ fi sí i, èyí tí wọn yóò fi máa rántí ẹ̀yin.